Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìrọ̀lẹ́ Ìmọ̀ Òfurufú ní Yunifásítì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Yunifásítì kan nítòsí wa fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ìlú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, kí tọmọdé tàgbà lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìdánwò nípa òfurufú. Ìlù yóò dún, oúnjẹ yóò wà, wọ́n sì ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀. Awò awọ̀nàjíjìn kan ṣoṣo la ní fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ. Kí ni wọn yóò máa ṣe? Ṣé inú Ọ̀sẹ̀ Òfurufú Àgbáyé ni kí á fi í sí?
— Olùkọ́ obìnrin kan, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ, olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ní ọdún 1999 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá sọ́tọ̀, nítorí pé ọjọ́ 4 oṣù náà ní ọdún 1957 ni Sputnik 1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn ṣe, gòkè lọ. Ọ̀sẹ̀ náà ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n òjò kì í tíì kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ìkùukùu sì lè bo ojú ọ̀run láti ìrọ̀lẹ́ di òru. Ìparí oṣù Kọkànlá ni èmi ìbá mú, kí eruku ọyẹ́ tó pọ̀, ní ọjọ́ tí òṣùpá bá ti tó bí ọjọ́ méje tó ti lé. Ẹ má dúró de ìgbà tó bá kún, nítorí pé ìgbà tó bá jẹ́ ìlàjì ni oòrùn ń tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, tí òjìji fi ń hàn nínú àwọn kòtò ara rẹ̀.

Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú kan péré nídìí awò yẹn, ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti lọ. Nítorí náà, ẹ gbé e sí igun kan, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tábìlì yòókù gba èrò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn kò náni ní nǹkan kan. Ẹ fi bọ́ọ̀lù báskẹ́ẹ̀tì ṣe ayé, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ṣe òṣùpá, kí ẹ wá ní kí ọmọ kan gbé òṣùpá lọ síbi tó rò pé ó yẹ kó wà. Ẹ̀gbẹ́ ayé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn yóò gbé e sí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fa okùn tó gùn ju mítà méje lọ, nítorí pé ayé bí ọgbọ̀n ni a lè tò sáàárín ayé àti òṣùpá. Mo fẹ́ kí àwọn òbí náà wà nítòsí nígbà tí ẹ bá ń fa okùn náà.

Fún tábìlì mìíràn, ẹ da iyanrìn funfun gbígbẹ sínú ọpọ́n, kí ẹ ku èédú lúbúlúbú lé e lórí, kí àwọn ọmọ máa ju òkúta wẹ́wẹ́ sí i láti òkè. Iyanrìn funfun yóò fọ́n yí kòtò kọ̀ọ̀kan ká, bí wọn yóò ṣe rí i lára òṣùpá gan-an tí ó bá kàn wọ́n nídìí awò.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi, tí a fi ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti páǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àgbàlagbà nìkan sì máa fa páǹpù.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún fi páálí ṣe àpótí tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n di ẹrù kìlógíráàmù kan sínú rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni NigeriaEduSat-1 ṣe mọ, sátẹ́láìtì tí yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí pẹ̀lú àwọn ará Japan, tó gòkè ní oṣù Kẹfà ọdún 2017. Ẹ sọ ìtàn òkúta Zagami fún wọn pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Katsina lónìí, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo rẹ̀ nígbà tí òkúta tó wọn bíi kìlógíráàmù 18 já bọ́ nítòsí rẹ̀. Láti Mars, pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí oòrùn po bí ayé wa, ni òkúta náà ti wá.

Ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn ọ̀gá yunifásítì kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n ṣáájú ọjọ́ náà.