"Grammatical name" ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ọmọbìnrin mi wà ní SS2, òyìnbó dùn lẹ́nu ẹ̀ dáadáa, àmọ́ tó bá ti di comprehension, ibi tí wọ́n ti ń bèèrè grammatical name àti function ló ti máa ń pàdánù máàkì. Ó ti há gbogbo definition sórí, ó lè kà á láìmí. Kí la máa ṣe kí WAEC tó dé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Definition tó há sórí yẹn ò lè gbà á. WAEC ò bèèrè kí ni noun clause, ṣe ni wọ́n máa fa ọ̀rọ̀ yọ nínú passage, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ń ṣe níbẹ̀ ló sì máa pinnu orúkọ ẹ̀, torí náà iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ wá.

Ẹ kọ "when the rain stopped" síwèé fún un, kẹ́ ẹ ní kó sọ irú clause tó jẹ́. Tó bá sáré ní adverbial clause of time torí ó rí "when", àbùṣe bùṣe, ẹ ti rí ibi tó ti ń kọsẹ̀. Nínú "We left when the rain stopped", adverbial ni lóòótọ́, ó ń sọ ìgbà tí wọ́n kúrò, it modifies the verb "left". "Nobody knew when the rain stopped" wá ńkọ́? Kí lẹnikẹ́ni ò mọ̀? Ìgbà tí òjò dá. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ fi "it" síbẹ̀, gbólóhùn yẹn á ṣì dúró: noun clause nìyẹn, object of the verb "knew". Tó bá wá jẹ́ "I remember the hour when the rain stopped", wákàtí wo ló ń sọ fún wa, adjectival clause ni, it qualifies the noun "hour". Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan náà, orúkọ mẹ́ta!

Kó má kọ "object" lásán o, tàbí "it functions as a noun". Object kí ni? Kó dárúkọ verb yẹn gan-an bó ṣe wà nínú passage.

Ohun míì tó ń dà wọ́n láàmú ni gígùn. Wọ́n á rí "walking home in the heavy rain with her two brothers", wọ́n á ní clause ni torí ó gùn. Finite verb, ìyẹn verb tó ní subject tó sì ń fi àkókò hàn, dà níbẹ̀? Kò sí, phrase ni. "Because he lied" kúrú, clause ni. Àpólà àti awẹ́ gbólóhùn tí wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ Yorùbá náà nìyí, wọn kì í kàn so ó pọ̀ ni.

Figure of speech ò le tó yẹn, kó ṣáà má rí "like" kó pariwo simile, ìyẹn àfiwé tààrà. "She looks like her mother" kì í ṣe simile, ìyá àti ọmọ ló jọra.

Lálẹ́, ẹ fún un ní paragraph kan nínú ìwé ìròyìn, kó fàlà sábẹ́ clause méjì mẹ́ta, kó máa sọ iṣẹ́ wọn fún yín kó tó sọ orúkọ. Kẹ́ ẹ máa wo aago o, nítorí wákàtí 2 ni Paper 2 tí comprehension wà, essay àti summary sì tún wà nínú ẹ̀.