Kátíríìjì onírin nínú ìbọn àtijọ́: ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí

Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ béèrè bóyá kátíríìjì onírin, èyí tí ọmọ ọta inú ẹ̀ jẹ́ irin dípò òjé, ṣeé yìn nínú ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá yín fi sílẹ̀, ẹ dákun, ẹ má tíì yìn ín.

Tèmi náà, ìbọn bàbá ni. Ẹni tó tajà fún mi n'Ílọrin ní ọta ò ju ọta lọ. Mo gbé e lọ sóko wa lẹ́yìn Ìgbàjà, mo wá awó lọ. Mo yin ọ̀pá ọ̀tún, awó ṣubú. Mo yin tòsì, ó dún bó ṣe máa ń dún. Àṣé ó ti bàjẹ́. Alẹ́ ni mò ń fi àkísà nu ìbọn tí ọwọ́ mi kan nǹkan: bí ìka mẹ́ta sẹ́nu ọ̀pá, irin ti wú yípo bí òrùka. Mo nù ún, mo tún nù ún, bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Mo yọjú wo inú rẹ̀ síbi iná, òjìji dúdú kan yí i po. Ọkàn mi já. Alágbẹ̀dẹ lóun á fi òòlù lù ú padà. Mo gba ìbọn mi lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá tí mo lọ bá nítorí ìwé àṣẹ ò tiẹ̀ wo ẹnu ìbọn, nọ́ńbà ló ń kà, ó ní kí n lọ sanwó.

Ọ̀pá òsì irú ìbọn wọ̀nyẹn sábà máa ń fún lẹ́nu, bíi mílímítà kan. Òjé rọ̀, òun ló máa ń tẹ̀ kó tó kọjá. Irin kì í tẹ̀, ọ̀pá ló máa tẹ̀ fún un. Èyí tọ́pá ẹ̀ ní ọnà wínníwínní bí awọ ejò, ẹ má tiẹ̀ dán an wò rárá.

Nọ́ńbà abẹ́ ọ̀pá, 65 tàbí 70, ni gígùn ihò tí kátíríìjì ń wọ̀, ní mílímítà; ẹ mọ ìyẹn. Kátíríìjì 70 máa ń wọ inú ihò 65 o, ṣùgbọ́n tó bá yìn, ẹnu ẹ̀ ò ráyè là.

Òyìnbó ló ṣe ọta onírin fún ara wọn. Láti 1991 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de òjé fún pípa pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́, torí àwọn ẹyẹ omi ń gbé e mì nínú ẹrẹ̀, ó ń pa wọ́n. Èwo ni ti awó níbẹ̀?

Ẹ má sì yìn ín síbi àpáta, irin máa ń ta padà. Àwọn tó ń tú kátíríìjì, tí wọ́n ń da ọmọ bẹ́ríìnì sí i, mi ò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìyàwó mi gé ọmọ ọta irin kan mọ́ ẹran awó yẹn, eyín ẹ̀yìn ẹ̀ kan sán. Òjé ni kẹ́ ẹ rà. Páálí 25 ni mo rà nígbà yẹn. 23 ṣì wà nínú àpótí tí mo tì pa, ojú ń tì mí láti tà á fẹ́nì kankan.