Ṣé òfin sìgá ní Èkó fi òmìnira ẹni dù ú?

Rárá, kò fi dù ú. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí ní ọdún 2014 kò ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nínú ilé ara rẹ̀. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn yóò ti máa fa èéfín rẹ̀ símú láìfẹ́ ni ó kà léèwọ̀, bí ọkọ̀ èrò, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Nínú dánfó Ọ̀shódì sí CMS, tí èrò fún mọ́ra wọn, tí ọmọ ọwọ́ wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì dá ọkọ̀ dúró, ta ni yóò sá fún èéfín náà?

Ní ti owó orí tí wọ́n ń gbà lórí sìgá, tí í ṣe ọ̀nà mìíràn láti dín sìgá mímu kù, Ìjọba Àpapọ̀ fi ₦1 lé ọ̀pá sìgá kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2018, yàtọ̀ sí ìdá 20 nínú 100 tó wà tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé owó orí yìí ń ni tálákà lára, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan ni ọ̀wọ́n sìgá tètè ń dá dúró. Ohun tó dùn mí jù ni pé òfin àpapọ̀ ti ọdún 2015 ka títà á lẹ́yọ léèwọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń já páálí rẹ̀ tà lẹ́yọ ẹyọ ní ibùdókọ̀, níbi tí ọmọdé ti ń rí i rà.