Gáàdì ni Lenny Wilkens, àbí kóòṣì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti bàbá mi ń jiyàn lórí Lenny Wilkens, ará Amẹ́ríkà tó lókìkí nínú básíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá ní gáàdì gidi ni, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù síwájú tó sì ń darí eré, pé kóòṣì tó ṣe kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù tó gbá. Èmi ní kóòṣì ló jẹ́. Ta ló jàre? Ṣé òótọ́ sì ni pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó tún ń ṣe kóòṣì lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kọ́kọ́ bá mi kí bàbá. Ẹni tó bá ń rántí Wilkens lórí pápá ti wo básíkẹ́ẹ̀tì pẹ́.

Òótọ́ ni, ó ṣe méjèèjì pọ̀. Kò tíì pé ẹni ọdún 32 nígbà tí SuperSonics ti Seattle fi í ṣe kóòṣì lọ́dún 1969, kò sì bọ́ aṣọ eré. Ní sáà yẹn gan-an, kò sí ẹni tó fa bọ́ọ̀lù tó wọ àwọ̀n lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ tó o nínú NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ó lé ní 9 nínú eré kan. Ẹgbẹ́ náà borí nínú 36, wọ́n pàdánù 46. Nígbà tó fi di sáà kẹta, wọ́n borí nínú 47. NBA kò gba kéèyàn ṣe méjèèjì pọ̀ láyè mọ́ lónìí. Dave Cowens ti Boston ló ṣe é kẹ́yìn, ní 1979.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti kàn mí nìyí. Èmi náà ti ṣe gáàdì rí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bíi kóòṣì àwọn ọ̀dọ́, gáàdì wa gbé bọ́ọ̀lù dé iwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dá dúró ní kọ̀rọ̀ ọ̀tún, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Mo rí i. Ọwọ́ mi ti gbéra sókè, ọrùn-ọwọ́ mi ti yí láti ju bọ́ọ̀lù tí kò sí lọ́wọ́ mi. Kí n tó lanu, wọ́n ti já a gbà. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí Wilkens ṣì ń gbá, bí eré bá dàrú, ó lè gba bọ́ọ̀lù kó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ní November 1977, ìyẹn ti tán. Seattle ti borí nínú 5, wọ́n ti pàdánù 17, kí wọ́n tó tún fa ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́. Ó tún àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré tò: Gus Williams àti Dennis Johnson bọ́ síwájú, Jack Sikma tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà wọlé. Ó wá ní kí Fred Brown, ọ̀gá nínú jíju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, máa ti orí bẹ́ǹṣì wọlé. Ẹni tó bá ti ṣe gáàdì mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó lẹ́nu. Wọ́n borí nínú 42 nínú 60 tó kù, wọ́n dé àṣekágbá, Washington Bullets lù wọ́n ní eré keje. Lọ́dún 1979, àwọn méjèèjì tún pàdé, Seattle sì gba ife pẹ̀lú 4 sí 1.

Nítorí náà, ìwọ lo jàre lójú tèmi. Kì í ṣe nítorí 1,332 eré tó borí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kọjá 938 ti Red Auerbach, kóòṣì Boston nígbà kan, láti 1995. Nítorí 1977 yẹn ni. Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni básíkẹ́ẹ̀tì, ní tiwọn kò yan ọ̀kan: wọ́n gbà á wọlé ní 1989 bí agbábọ́ọ̀lù, wọ́n tún gbà á ní 1998 bí kóòṣì. Bí bàbá bá ní ẹ̀rí mìíràn, kí wọ́n kọ̀wé sí mi fúnra wọn, màá tẹ̀ ẹ́ síbí.