Kí ló dé tí fíìmù infrared mi jáde lófìfo?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí, ya àwòrán. Mo fi filter R72 sí iwájú lẹ́ńsì, mo ki fíìmù Rollei Infrared 400 sínú kámẹ́rà, mo sì ṣe ohun tí mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà sọ. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà, ó mọ́ gaara bí omi. Ṣé kẹ́míkà ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì da kẹ́míkà nù. Wo ahọ́n fíìmù náà, ibi tí o fà jáde nígbà tí ò ń ki í. Ìmọ́lẹ̀ ti lù ú ní gbangba, nítorí náà ó yẹ kó dúdú bíi kóró iṣin. Bó bá dúdú bẹ́ẹ̀, kẹ́míkà ò lọ́wọ́ sí i.

Mítà ló tàn ọ́. R72 ń dí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí; èyí tó kọjá nǹkan bíi 720 nanometer ló ń fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ mítà ń rí ìyẹn ju bí fíìmù ṣe ń rí i lọ, wọ́n á ní ó ti tó, nígbà tí fíìmù ò tíì jẹ nǹkan kan.

Nítorí náà, yọ filter kí o tó wọn ìmọ́lẹ̀. ISO 6 ni kí o lò (ISO ni ìwọ̀n bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀), gbàgbé 400 tó wà lára páálí. Bí mítà rẹ ò bá lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, gbé e sí 25, kí o fi stọ́ọ̀pù méjì kún un, ìyẹn ni pé kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ihò lẹ́ńsì f/8 ní ìdá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá (1/30) ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 1/15, lẹ́yìn náà 1/8. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé pọn dandan. Wo ara lẹ́ńsì àtijọ́ dáadáa: àmì pupa kékeré kan, ti infrared, sábà máa ń wà níbẹ̀. Kọ́kọ́ fojú sun nǹkan tí ò ń yà (fókọ́ọ̀sì) láìsí filter, kí o wá yí nọ́ńbà ìjìnnà tó jáde wá síbi àmì yẹn.

Ewé tútù ni yóò funfun, nítorí ó ń da infrared padà gan-an. Robert Wood, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han aráyé ní 1910. Má retí pé yóò la eruku ọyẹ́ kọjá o. Kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú òkè ọ̀nà jíjìn rí bí aró ló lè là. Ẹyọ eruku ọyẹ́ tóbi jù fún un.

Inú òkùnkùn ni kí o ti ki fíìmù yìí. Ike tí wọ́n fi ṣe é ń fa ìmọ́lẹ̀ wọlé láti ahọ́n rẹ̀, bí ọ̀pá ṣe ń fa omi. Mo ti ṣí tèmi nínú oòrùn rí, àwòrán mẹ́rin àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá.

Ní ti fífọ̀, omi ẹ̀rọ wa gbóná ju 20 °C lọ. Gbé ìgò dẹfẹ́lópà, kẹ́míkà tó ń mú àwòrán jáde lára fíìmù, sínú bàsíà omi yìnyín, fi tẹmómítà sí i. Má ju yìnyín sínú dẹfẹ́lópà fúnra rẹ̀, yóò là á. Tẹ̀ lé àkókò tó wà nínú ìwé dẹfẹ́lópà rẹ, má sì máa mì ín jù, kí ewé má baà funfun rau láìní ẹyọ ìlà kan nínú.

Nígbà mìíràn tí o bá tún ki fíìmù, ya àwòrán àkọ́kọ́ láìsí filter ní ISO 200. Bí ìyẹn bá jáde, tí àwọn yòókù ò jáde, o ti mọ ibi tí wàhálà wà.