Ọwọ́ tó ń mì náà lè ti kán

Ìyá wa, ẹ ní ọmọ yín já bọ́ lórí igi máńgòrò lánàá, pé apá rẹ̀ wú lókè ọrùn-ọwọ́, àmọ́ ó ṣì ń ká ìka, ẹ sì fẹ́ dúró di ọjọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ lónìí. "Ó ṣì ń mì, kò lè tíì kán." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀kadà ló dà mí nù ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Mo fọwọ́ òsì tilẹ̀ kí ojú mi má bàa gbá títì. Nígbà tí mo dìde, mo na ìka, ó nà. Mo ká a, ó ká. Mo dúpẹ́, mo gbalé lọ. N kò mọ̀ pé eegun méjì ló wà láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn-ọwọ́, pé ọ̀kan lè kán kí èkejì ṣì gbé apá dúró. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo tún ní kí àbúrò mi bá mi fà á. Ìyẹn nìkan tó ìyà.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. N kò ní bú bàbá o, òun ló to ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ náà sì jinná. Ṣùgbọ́n kò rí inú ẹran, ó sì di ọparun mọ́ apá mi bí ẹni di ẹrù igi. Lóru, ìrora tó yẹ kó máa rọlẹ̀ ń le sí i. Ìka mi tutù, ó ń ṣe mí bí ẹni pé eèrà ń rìn nínú rẹ̀; nígbà tó yá, n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Wọ́n ní bí eegun ṣe ń so pọ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹran tó ń wú nínú ìdè tó le kò ríbi gbà, ẹ̀jẹ̀ kò sì ráyè kọjá. Tí èyí bá tó bíi wákàtí 6, ẹran yẹn ti ń kú.

Àbúrò ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gé gbogbo ìdè náà dànù láàárọ̀. Ní ọsibítù, wọ́n la apá mi gbọọrọ kí wíwú náà lè ráyè, wọ́n sì fi irin de eegun. Ìka méjì kò nà tán títí dòní. Bí mo bá tẹ́wọ́ gba ṣéńjì, owó ẹyọ a máa jábọ́.

Ní ti ọmọ yín, ẹ fi páálí líle gbé apá náà láti ìgbọ̀nwọ́ dé àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìborùn so ó kọ́ ọrùn rẹ̀. Bó bá wọ ẹ̀gbà tàbí òrùka, ẹ yọ ọ́ kó tó wú jù. Kí ẹnikẹ́ni má fà á. Ẹ má fún un lóúnjẹ kí dókítà tó rí i, torí wọ́n lè ní láti fi oògùn sùn ún kí wọ́n tó tò ó. Eegun ọmọdé dà bí igi tútù, ó lè tẹ̀ láìkán tán, ibi tó ti ń dàgbà sì sún mọ́ oríkèé. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, apá lè wọ́.

Ká ní eegun ti yọ síta ni, tàbí ìka ti tutù tó sì ń dúdú, n kò ní máa kọ èyí gùn tó báyìí: aṣọ mímọ́ lé e, ẹ má tì í padà, ọkọ̀ ló kàn.

Bí wọ́n bá fi POP, ìdè funfun tó máa ń gan mọ́ apá, dè é, ẹ gbé apá náà lé ìrọ̀rí, kó ga ju àyà lọ. Ẹ jí lóru, ẹ tẹ èékánná rẹ̀: á funfun, kí pupa rẹ̀ sì tètè padà. POP náà lè le jù. Bó bá ń ké pé ìrora ń pọ̀ sí i, kódà kó jẹ́ aago 2 òru, ẹ padà lọ kan ilẹ̀kùn wọn.