Ta Ló Gbé Ṣàngó Dé Kúbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní àwọn ará Kúbà ń bọ Ṣàngó. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló gbé e dé ọ̀hún? (Ìyá kan, Kàbà)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, mà. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, pàápàá nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ni wọ́n gbé òrìṣà wọn débẹ̀. Àwa Yorùbá ilẹ̀ Òkun ní agbègbè Kàbà, tí ogun Nupé kó àwọn baba wa lẹ́rú, mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ẹ̀sìn Kátólíìkì nìkan ni ìjọba Sípéènì, tó ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà, fọwọ́ sí, wọ́n ń bọ Ṣàngó lábẹ́ orúkọ Santa Barbara, ẹni mímọ́ tí àwọn Kátólíìkì máa ń ké pè nígbà tí àrá bá ń sán. Títí dòní, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, àwọn olùsìn a wọ aṣọ pupa, wọ́n a sì lu bàtá fún un.